Ẹni tó bá ti ẹnu ọ̀nà yín wọlé: ìtọ́sọ́nà fún ayálégbé tí kò fẹ́ kí wàhálà ti yàrá òun bẹ̀rẹ̀

Mo gbé ilé kan fún ọdún mẹ́fà ní àdúgbò Adéníkẹ̀ẹ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Yàrá mẹ́wàá ni ilé náà, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo láàárín. Ọmọkùnrin kan tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ló ń gbé yàrá tó kángun sẹ́yìn. Ọmọ náà lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá bá mi lẹ́nu kànga, á dọ̀bálẹ̀, á sì gba korobá lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, òun ni onílé lé jáde. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò gbé ilé náà ló ń mu igbó lẹ́yìn ilé, àwọn ló ń gbá géètì láago 2 òru, àwọn náà ló bá ìyá aláta tó wà ní yàrá kejì jà nítorí omi. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní, “Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe èmi.” Òótọ́ ni, kì í ṣe òun. Àmọ́ yàrá rẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbalé pé kì í ṣe ara rẹ̀ nìkan ló ń gbalé fún. Ọ̀rẹ́ ni o, ọmọ ni o, ajá, jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ orin, ohun tó bá ti ẹnu ọ̀nà yín wọlé, ẹ̀yin lẹ óò dáhùn fún un. Bí mo ṣe rò pé èèyàn lè ṣe é nìyí, láti ọjọ́ tó bá lọ wo ilé títí dé ọjọ́ tó bá kó jáde.

Ìgbésẹ̀ 1: Kí ẹ tó sanwó

Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀sán gangan ni ẹ́jẹ́ǹtì máa ń mú èèyàn lọ, nígbà tí gbogbo ará ilé ti lọ sọ́jà tàbí síbi iṣẹ́. Ẹ padà lọ fúnra yín lẹ́yìn aago 9 alẹ́. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí ilé ṣe ń dún. Ẹ ra nǹkan lọ́wọ́ ìyá tó ń tajà ní ìkòríta, kí ẹ sì bi í bí àwọn ará ilé náà ṣe ń gbé. Ohun tí ìyá yẹn mọ̀, ẹ́jẹ́ǹtì kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin náà, ẹ má fi ohun tí ẹ máa kó wọlé pamọ́ fún onílé. Bó bá jẹ́ aránṣọ ni yín tí ẹ sì máa ń ranṣọ mọ́jú nígbà ọdún, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá ní ajá, ẹ sọ ọ́. Bó bá jẹ́ èèyàn mẹ́rin ló ń bọ̀ nínú yàrá kan, ẹ sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìjà tó jẹ́ pé ìbínú “ìwọ kò sọ fún mi” ló dá a sílẹ̀, tí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jà gan-an kò tó nǹkan.

Àgírímẹ́ǹtì ńkọ́? Ẹ kà á. Bí kò bá yé yín, ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín ní Yorùbá. Ìlà mẹ́rin ni kí ẹ wá nínú rẹ̀: iye èèyàn tó gbọdọ̀ gbé yàrá náà, bóyá ẹ lè fi yàrá náà háyà fún ẹlòmíràn, pé ẹ kò gbọdọ̀ lo ilé fún ohun tí òfin kọ̀, àti pé ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ohun tí yóò ni àwọn alábàágbé yín lára. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò wọ́n kọjá, wọ́n á lọ wo iye owó. Àwọn ìlà yìí ni lọ́yà onílé yóò kọ́kọ́ ṣí bí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù. Bí kò bá sí ìwé kankan, ẹ kọ ohun tí ẹ jọ fẹnu kò lé lórí sínú bébà kan, kí ẹ̀yin àti onílé fọwọ́ sí i, kí olúkúlùkù mú ẹ̀dà kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ìtàn ìlú yìí sọ fún wa pé nígbà tí Ogúnlọlá ọdẹ tẹ̀dó sábẹ́ igi àjàgbọn, èéfín iná ló rí lókèèrè tó fi mọ̀ pé àwọn ọdẹ mìíràn wà nítòsí. Ó wá wọn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn lọ́wọ́ àwọn sùnmọ̀mí. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn nínú ìtàn wa gan-an. Kò dúró kí ìjà dé kó tó lọ mọ aládùúgbò rẹ̀.

Torí náà, ẹ kan ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kí àgbà bó ti yẹ, kí ẹ sọ orúkọ yín àti iṣẹ́ yín. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n ń ti géètì, ọjọ́ tó kàn yín láti gbálẹ̀ àti láti fọ ilé ìwẹ̀ àti ṣáláńgá, àti bí wọ́n ṣe ń dáwó iná. Bó bá jẹ́ mítà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń lò, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń pín owó káàdì, kí ẹ sì sọ bí ẹ bá ní fíríìjì tàbí sítóòfù oníná. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù ẹni méjì, ó kéré tán. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà yín yóò pè yín nígbà tí orin yín bá ń dà á láàmú. Ẹni tí kò bá ní i, ọ̀dọ̀ onílé ni yóò lọ tààrà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ariwo

Ariwo ló ń ba ilé jẹ́ jù. Òfin sì wà lórí rẹ̀. Ìlànà ariwo tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, gbé jáde lọ́dún 2009 sọ pé ariwo ilé gbígbé kò gbọdọ̀ ju dẹ̀síbẹ́lì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 50 lọ lójú ọ̀sán, kò sì gbọdọ̀ ju 35 lọ lóru. Aago 10 alẹ́ ni òru bẹ̀rẹ̀ lójú òfin náà, ó sì parí láago 6 àárọ̀. Ibi tí ilé gbígbé bá wà pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ibi ìgbafẹ́, 55 ni ti ọ̀sán, 45 ni ti òru. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó, ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì jókòó ń sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń tó nǹkan bí 60. Ẹni tó bá ń sọ pé “kì í ṣe pé mo yí i sókè”, kó rántí iye yẹn.

Ẹ gbé ẹ̀rọ orin kúrò lára ògiri àti lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìró bééèsì máa ń gba inú búlọ́ọ̀kù kọjá sí yàrá kejì ju bí etí ẹni tó ń gbọ́ orin ṣe lè mọ̀ lọ. Ẹ gbé e lé orí fóòmù tàbí aṣọ tí ẹ ká jọ, kí ẹ sì dín bééèsì kù. Lẹ́yìn náà, ẹ jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn tó tì, kí ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Lẹ́yìn aago 10 alẹ́, ìròmọ́tí (íàfóònù) ni kí ẹ lò.

Ẹ má sì rò pé òru nìkan ni èèyàn ń sùn. Ìlú wa ní ilé ìwòsàn ńlá méjì tó jẹ́ ti yunifásítì, ti Bowen àti ti LAUTECH, àwọn nọ́ọ̀sì wọn sì ń gbé láàárín wa. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ òru dé láago 8 àárọ̀, ọ̀sán yín ni òru rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan gbé òdì-kejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa rí. Nígbà tí a mọ ọjọ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru, a ń fi àpò lé abẹ́ odó, a sì ń gúnyán lẹ́yìn ilé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Àdúrà òru ńkọ́? Èmi náà ń gbà á, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi sílẹ̀. Àmọ́ àdúrà tí ìyá ọlọ́mọ tuntun ń gbọ́ láago 3 nínú yàrá rẹ̀ ti di ohun tó ń gba oorun lójú ọmọ. Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìṣọ́ òru pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn, ilé ìjọsìn ló tọ́ sí. Fóònù tó ń pe ìrun náà, ẹ má gbé e sójú fèrèsé.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ọjọ́ ìbí, ẹ sọ fún yàrá kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Ẹ sọ aago tó máa parí, kí ẹ sì jẹ́ kó parí ní aago náà. Ẹ bu oúnjẹ fún àwọn tí kò lè wá.

Jẹnẹrétọ̀ ju ọ̀rọ̀ ariwo lọ. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí, ó sì lè pa odindi ìdílé lójú oorun. Ẹ má tàn án ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní kíṣìnì, tàbí ní bákónì. Ìta gbangba ni kó wà, nǹkan bíi mítà 6 sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, kí ibi tí èéfín ń gbà jáde má kọjú sí ilé. Bí àyè ilé yín kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ má lò ó lóru rárá. N kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí bá ẹnikẹ́ni dúnàá dúrà.

Ìgbésẹ̀ 4: Àlejò

Ibí ni ọmọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ṣìnà, ibí náà sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbé Under-G, Stadium àti Adéníkẹ̀ẹ́ ti ń ṣìnà. Owó ilé wọ́n, ọ̀rẹ́ sì wà tí kò tíì rílé, ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní squatter. Èèyàn kò lè lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ síta. Ó yé mi. Àmọ́ ẹ ṣe é báyìí.

Kó tó gbé báàgì rẹ̀ wọlé, ẹ bi í pé ọjọ́ mélòó. Ẹ jẹ́ kó dá ọjọ́, ẹ má gbà “títí màá fi rí tèmi”. Ẹ mú un lọ kí onílé tàbí kiatékà lọ́jọ́ tó dé, kí wọ́n mọ ojú rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀. Ẹ sọ òfin ilé fún un kó tó jókòó: aago géètì, ẹ̀yìn ilé, omi, àti pé òun náà kò gbọdọ̀ mú àlejò tirẹ̀ wá. Àlejò àlejò ni kì í jẹ́ kí èèyàn mọ ẹni tó wà nílé mọ́. Ẹ má gé kọ́kọ́rọ́ géètì fún un. Bó bá ṣe dandan, ẹ gé ẹyọ kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìwà ọ̀daràn. Òfin àpapọ̀ tó lòdì sí jìbìtì, èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2006, ní abala kẹta tí ó yẹ kí gbogbo ayálégbé mọ̀. Ẹni tó ń gbé ilé, tàbí tó ń bójú tó o, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n máa fi ilé náà ṣe jìbìtì, òun náà ti ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kì í dín ní ọdún 5, ó sì lè tó ọdún 15, kò sì sí àyè owó ìtanràn. “Èmi kì í ṣe yahoo, yàrá mi nìkan ni wọ́n ń lò” kì í ṣe àwáwí lábẹ́ òfin yìí. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀ lórí oògùn olóró: ẹni tó bá jẹ́ kí wọ́n fi yàrá òun tọ́jú rẹ̀ tàbí tà á, òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, lè mú òun náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ọ̀rẹ́ yín ti ń fi yàrá yín ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró de ìparí oṣù. Ẹ sọ fún un pé kó kó jáde, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pẹ̀lú, kí ẹ̀rí lè wà pé ẹ kò fọwọ́ sí i. Ẹ má yá a ní nọ́ńbà àkáǹtì yín, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Bó bá kọ̀ tí kò jáde, ẹ lọ sọ fún onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Ó nira, mo mọ̀. Ọmọkùnrin yẹn sọ fún mi pé ojú ń ti òun láti sọ̀rọ̀, torí pé ọ̀kan nínú wọn ló san owó ìdánwò fún òun rí.

Ẹ tún mọ èyí: Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá wá ọ̀rẹ́ yín tí kò sí nílé, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ ẹni tí ẹ jẹ́, ẹ fi ìwé ilé yín hàn, kí ẹ sì pe onílé àti òbí yín.

Ìgbésẹ̀ 5: Ọmọ, omi, ẹran àti pàǹtí

Kò pọ̀. Ọmọ yín kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀kùn ẹlòmíràn ṣe ojú góòlù. Bí ọmọ méjì bá jà, kí àwọn ìyá má dá sí i níwájú wọn. Ẹ fa omi ní ìwọ̀n tó tọ́ sí yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, torí kànga wa máa ń gbẹ. Ẹ so ẹran mọ́lẹ̀. Ẹ má da omi ìfọṣọ sójú ọ̀nà, ẹ má sì sun ike lẹ́yìn ilé.

Ìgbésẹ̀ 6: Bó bá jẹ́ alábàágbé ló ń dà yín láàmú

Ẹ má sọ̀rọ̀ náà nígbà tí inú ń bí yín, ẹ má sì sọ ọ́ níwájú àlejò rẹ̀. Ẹ dúró di ọjọ́ kejì, lójú ọ̀sán, kí ẹ bá òun nìkan. Irú ọ̀rọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún mi nìyí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kékeré kan. Orin alẹ́ àná kò jẹ́ kí ọmọ mi sùn títí di aago 1. Báwo la ṣe lè jọ ṣe é?” Ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ fi “bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe” sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni náà kò mọ̀ rárá pé ohùn òun ń kọjá ògiri.

Bí kò bá yí padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀. Ìwé àjákọ kékeré tó. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá kiatékà tàbí onílé pẹ̀lú ìwé náà, kí ẹ ní kí wọ́n pe ìpàdé ilé. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára ilé, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wà. Mọ́gàjí agboolé náà wà, àgbà sì mọ bí wọ́n ṣe ń parí ìjà.

Àwọn ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ dúró de ìpàdé. Bí ohun ìjà bá jáde, bí wọ́n bá ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí èèyàn, tàbí bí ọkọ bá ń lu aya, ẹ pe 112, tàbí 615 tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ sì pe àwọn ará ilé jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ìjà tọkọtaya ni. Òfin tó lòdì sí ìwà ipá wà ní ìpínlẹ̀ wa, ìwà ipá inú ilé sì wà nínú rẹ̀. Obìnrin tó ń ké nínú yàrá kẹrin, ìwọ tó wà ní yàrá karùn-ún ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ má gé wáyà iná ẹnikẹ́ni, ẹ má ti kànga pa mọ́ ọn, ẹ má sì kó èèyàn jọ lù ú. Ẹ má pe èèyàn ní olè tàbí ọmọ yahoo lórí WhatsApp àdúgbò nígbà tí ẹ kò rí ohunkóhun. A mọ ibi tí ariwo “olè!” máa ń gbé aláìṣẹ̀ dé.

Ìgbésẹ̀ 7: Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n fẹjọ́ sùn

Ẹ gbọ́ ọ tán kí ẹ tó dáhùn. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹni tó kàn, kì í ṣe lọ́wọ́ onílé nìkan, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ máa ṣe yàtọ̀ láti ọ̀la. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ sọ ọ́ láìpariwo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí onílé bá fẹ́ kí ẹ jáde, ọ̀nà wà fún un. Ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní oṣù 1, àyàfi bí àgírímẹ́ǹtì bá dá àkókò mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ìwé ọjọ́ 7 tó ń sọ pé onílé fẹ́ gba ilé rẹ̀, kó tó kan kóòtù. Onílé kò lè yọ ilẹ̀kùn tàbí ká páànù orí ilé yín, kò sì lè sọ ọ̀rọ̀ owó ilé lásán di ti ọlọ́pàá, torí òfin ọdún 2020 yẹn náà sọ pé wọn kì í mú èèyàn nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n bá fẹ̀sùn kan yín ní kóòtù pé ẹ ń da ilé rú, ìwé àjákọ àwọn alábàágbé yín ni adájọ́ yóò kà. Ẹ̀rí tiyín náà, ẹ ní i lọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọjọ́ tí ẹ bá ń kó jáde

Ẹ gbálẹ̀ yàrá, ẹ san owó iná tó kù, ẹ dágbére fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún gbogbo àwọn tó máa ń wá yín wò pé ẹ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ gba gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí ẹ gé fún ẹlòmíràn padà, kí ẹ kà wọ́n sí ọwọ́ kiatékà, kó sì fọwọ́ síwèé fún yín. Nígbà tí ọmọ yẹn kó kúrò nílé wa, kọ́kọ́rọ́ géètì mẹ́rin ló ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́sàn-án tó kù la dáwó ra àgádágodo tuntun.